Bùráímọ̀ àti Wúrà Ìsàlẹ̀ Odò

Bísímíláhì. Ẹ̀yin jámáà, ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa tó wà lẹ́yìn gbọ́. Ọ̀rọ̀ amánà, ìyẹn ìfọkàntán, ni tòní. Ẹni tó mọ òótọ́ nípa òwò kan, tó sọ èyí tó dùn, tó gbé èyí tó korò mì, ó ti rẹ́ni jẹ, bí kò tilẹ̀ purọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bí kò tilẹ̀ purọ́ o!

Àgbẹ̀ kan wà ní abúlé Olórombó, Bùráímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Oko kòkó rẹ̀ dé etí odò, ti Lásísì ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, Bùráímọ̀ ń ṣan ẹsẹ̀ lódò. Ìkùukùu bo ojú omi bí aṣọ funfun. Oòrùn yọ, ìkùukùu ń ká díẹ̀díẹ̀, ni ó bá rí ohun tó ń dán yinrinyinrin nínú yanrìn. Wúrà! Láti ọjọ́ náà, ó la ojú sílẹ̀, ó ń lá àlá. Bó bá ń ká kòkó, àfi bí ẹni pé èso ń tan ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Sífáwù ìyàwó rẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀, a dà bí ẹni pé òdìkejì odò ni ohùn ti ń bọ̀.

Ó pe Tìjání, ẹnìkan tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, wá láti ìlú. Tìjání gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri, ó fọ yanrìn, ó wọ̀n ọ́n, ó wá jókòó ti Bùráímọ̀.

"Bàbá, wúrà wà níbí o. Ṣùgbọ́n kò pọ̀, ó sì jìn. Owó àwọn tí yóò gbẹ́ ẹ, igi tí a ó fi ti kòtò kó má wó, ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi jáde àti epo tí yóò máa mu, kòkó tí ẹ ó gé: gbogbo ìyẹn ju ohun tí ẹ máa rí kó lọ. Ẹ fi í sílẹ̀, sà."

Kí ni Bùráímọ̀ gbọ́? "Wúrà wà." Ìyókù fẹ́ kọjá létí rẹ̀ bí atẹ́gùn.

Lásísì bi í pé, "Kí ni ọmọ yẹn wí?"

"Ó ní wúrà wà."

"Alihamudulilahi! Kò sọ nǹkan mìíràn?"

Ibẹ̀ gan-an ni Ṣèétánì jókòó sí, ẹ̀yin èèyàn mi! Bùráímọ̀ wojú omi. "Ṣebí wúrà là ń wá?"

Lásísì dòwò pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ó gé kòkó baba rẹ̀ kí àyè lè wà fún kòtò, ó ta màlúù rẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Omi ń sun wọ kòtò, ẹ̀rọ ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ààwẹ̀ ń gbẹ. Wúrà jáde lóòótọ́, kò ju aṣáà tí àgbàlagbà ń fà símú lọ. Síbẹ̀, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ta sára ẹrẹ̀ pupa, ògiri wúrà ni Bùráímọ̀ ń rí. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó kù díẹ̀," ni yóò wí.

Lọ́jọ́ kan ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá Àlásárì. Ó bu omi, ẹrẹ̀ tó ṣàn láti inú kòtò ni. Ó rìn síwájú, ó tún bù ú, ẹrẹ̀ náà ni. Sífáwù dúró tòun ti garawa òfìfo.

"Bàbá Ráfíù, ibo la ó ti rí omi kírun báyìí?"

Lọ́jọ́ yẹn, ohùn obìnrin náà wọ̀ ọ́ létí. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó lọ bá Lásísì létí kòtò.

"Tìjání ní ká má gbẹ́ ẹ. Ó ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ wa ju ohun tí yóò fún wa lọ. Mo gbọ́ ọ, mi ò sọ fún ọ."

Lásísì yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó ń wo kùkùté kòkó baba rẹ̀.

"Ká ní o sọ ọ́, Bùráímọ̀, bóyá ǹ bá ṣì tẹ̀lé ọ. Ṣùgbọ́n èmi ni ì bá yàn án."

Wọ́n jọ dí kòtò náà. Bùráímọ̀ pín oko kòkó tó kù ú kù sí méjì, ó fún Lásísì ní ìdajì. Lásísì gbà á. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ kọjá kó tó tún bá a jókòó jẹun.

Ẹ̀yin tó ń ta ilẹ̀, ẹ̀yin tó ń fi ọ̀nà òwò han èèyàn, ẹ̀yin tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ wá ọkọ, ẹ sọ ọ́ tán! Ẹ jẹ́ kí ọmọnìkejì yín fi ojú ara rẹ̀ yàn. Ọlọ́hun Ọba, fi wá mọ̀nà. Má jẹ́ kí ojúkòkòrò dí wa létí. Fún wa ní ahọ́n tí í sọ òótọ́ délẹ̀, kí o sì tún àárín àwa àti àwọn tí a ti ṣẹ̀ ṣe. Àmín.