Ìgò Òróró Tó Wà Láàárín Èmi àti Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgò òróró ólífì kan ló fẹ́ da àárín èmi àti ọkọ mi rú. Wòlíì ìjọ wa ló gbàdúrà sí i. Lọ́la ni wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi fún àyẹ̀wò, ó ní àfi kí òun mu òróró náà kí òun tó jáde, mo ní kò gbọdọ̀ fi kan ètè. Láti àná la ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ó tún ń yà mí lẹ́nu. Ta ló mọ̀ pé ọ̀rá máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri nínú ara ènìyàn?

Houston, ní Amẹ́ríkà, là ń gbé. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Pasadena lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan ní alẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ wò, nọ́ọ̀sì ní kó gbààwẹ̀ wá. Ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ fún! Ọmọ Aládùúrà tó ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré! Àfi bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ṣe dúró díẹ̀, tí omi orí rẹ̀ funfun bí omi ògì. Dókítà ní ọ̀rá ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Ló bá bi í pé ọtí mélòó ló ń mu lójúmọ́.

Ọtí kẹ̀? Ọkọ mi tí kì í fẹnu kan bíà! Ó sọ bẹ́ẹ̀, dókítà kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló kó sí mi lórí. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ gba báàgì, ẹnu rẹ̀ ni mò ń gbóòórùn. Mo yẹ bùùtù mọ́tò wò, agolo kóòkì nìkan ni mo bá, ó pọ̀ bí ẹni pé ó ń tà á. Bí kì í bá ṣe ọtí, kí wá ni?

Nígbà tí wọ́n ní kó padà wá, mo bá a lọ. Inú mọ́tò la ṣì wà tó fa ìgò òróró yọ, ó gbàdúrà, ó sì gbé e sẹ́nu.

"Bàbá Tólú! Ṣebí wọ́n ní kó o gbààwẹ̀!"

"Ṣé oúnjẹ nìyí ni? Àdúrà ni jàre."

Mo sọ fún dókítà pé àràárọ̀ ló ń mu òróró yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òróró bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹ̀jẹ̀ di funfun, kó fi í sílẹ̀ kó tó tún padà wá. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe òróró nìkan ló kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀, mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní oúnjẹ àti ohun dídùn tí ara kò bá lò, ẹ̀dọ̀ a máa sọ ọ́ di ọ̀rá, a kó díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì fi díẹ̀ pamọ́ sára. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mọ àwọ̀ ọtí. Ó bẹ ọkọ mi pé kó má bínú. Ojú tì mí, torí èmi náà ti fura sí i. Kóòkì tó fi ń lé oorun níbi iṣẹ́ alẹ́ ni, àti òkìtì ìrẹsì tó fi ń ṣínu!

Ó ti fi kóòkì sílẹ̀, a sì jọ ń rìn yípo inú mall, ilé ìtajà ńlá. Òróró yìí ló kù. Mo ní kó fi pa orí títí wọn á fi gba ẹ̀jẹ̀ tán. Ó gbé ìgò náà dání, ó ní:

"Bí mi ò bá mu ún, tí ẹ̀jẹ̀ mi wá mọ́, ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Kóòkì tí mi ò mu?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì mu ún, ẹ̀jẹ̀ á tún funfun, a ò ní mọ̀ bóyá ọ̀rá náà ń dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n wí fún un kó tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láàárọ̀ ọ̀la?