Àwọn Ọmọ Júù Orí Àjà

Lọ́dún 1986, nílé ìfìwéránṣẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń bá tíṣà ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀ níwájú mi lórí ìlà. Tíṣà náà ti rí àdírẹ́sì Họ́láńdì lára lẹ́tà ọwọ́ ìyá náà.

"Màmá, ta lẹ ní ní Họ́láńdì?"

"Aránṣọ kan tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni. Kí n tó débẹ̀, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì gba ìlú wọn, tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ pa, ó fi ọmọbìnrin Júù méjì tí kò tíì pé ogún ọdún pamọ́ sórí àjà. Oníwàrà àdúgbò mọ̀. Ṣe ló ń bu ènì sí wàrà tí aránṣọ náà ń rà, kò bi í léèrè rí."

"Ṣé wọ́n là á já?"

"Wọ́n là á já. Ogun parí, wọ́n lọ sókè òkun, wọn ò kọ̀wé sí i mọ́."

"Aláìmoore ni wọ́n."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n má bú wọn. Ó ní, 'Wọn ò lè rántí mi kí wọ́n má rántí àjà.' Látìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń kọ̀wé sí i."

"Ó máa ń fèsì?"

"Ó máa ń fèsì tẹ́lẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mi ò gbúròó rẹ̀. Mi ò sì mọ ẹlòmíràn níbẹ̀ tí mo lè bi."

Màmá náà sún síwájú, ó ra sítáǹpù lẹ́tà Họ́láńdì.