Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tí Mo Wọ̀n Láti Orí Àga Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mo kí yín o. Nọ́ọ̀sì ni mí nínú ilé ìwòsàn kékeré kan ní Hanwa, ní Zaria. Ọmọ Kàbbà ni mí, ṣùgbọ́n Sabon Gari níbí ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá, mo ń gbé e kiri bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n múra, pé kí n lọ máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìlú mìíràn ní iṣẹ́ tí mo ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

Tẹ́lẹ̀, kálukú ilé ìwòsàn ló ń dá ṣe tirẹ̀. Aláìsàn á wá, a ó tọ́jú rẹ̀, á lọ, ó di ìgbà tó bá tún ṣubú. Ẹni tí a fún lóògùn ní Hanwa lónìí, bí wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Tukur-Tukur lọ́la, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ti ń lò. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn mẹ́rin, pẹ̀lú ọsibítù ńlá kan, jókòó ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, wọ́n sì di ara kan. Wọ́n pín àwọn èèyàn fún wa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ìlera rẹ̀ wà lọ́rùn yín, ì báà wá, ì báà jókòó sílé. Bí ara wọn bá ń le, gbogbo wa la ó jọ jèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣubú, gbogbo wa la ó jọ dáhùn.

Mo fẹ́ràn ètò náà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Àwọn méjìlélógún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fún mi. Mo ní láti bá wọn nílé lóṣooṣù, kí n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kí n tẹ iye rẹ̀ sínú fóònù kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí i. Mẹ́fà nínú wọn wà ní Bomo, ibi tó jìnnà sí wa. Òjò dé, ọ̀nà di ẹrẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń kọ̀. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sórí àga mi ní Hanwa, mo tẹ iye tó dára fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tó di oṣù kejì, mo tún ṣe é. Ní oṣù kẹta, mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá àwáwí. Àwọn mìíràn náà rìn nínú òjò yẹn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Sístà Ládì, nọ́ọ̀sì tó wà ní Tukur-Tukur. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn rẹ̀, ohun tó rí ló sì kọ. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, iye tèmi ló dára jù, ti Ládì ló burú jù. Alága wa, dókítà àgbà kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ní kí ó dìde.

"Sístà, wo ẹlẹgbẹ́ rẹ. Kí ló ń ṣe tí ìwọ ò lè ṣe?"

Wọ́n mú Ládì kúrò nídìí ìbẹ̀wò ilé, wọ́n ní kó lọ máa kọ káàdì. Alága wá yíjú sí mi, ó ní kí n sọ ọgbọ́n tí mo dá.

Ọgbọ́n wo? Ibẹ̀ ni mo ti pa irọ́ kejì. Mo ní mo so aláìsàn kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ kan tó ní irú àìsàn kan náà, pé wọ́n jọ ń lo oògùn lásìkò kan náà, bí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì á ké sí i. Títí dòní mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ní kí gbogbo ilé ìwòsàn lọ ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé òun fúnra òun ń bọ̀ wá wo ti Bomo.

Jìnnìjìnnì bò mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti wà ní Bomo. Ilé Ìyá Bólú, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ni mo kọ́kọ́ yà. Ọmọ Òmù-Àrán ni, opó ni, ó ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ah, Sístà, ìwọ rèé? A ti rò pé o ti kó kúrò ní Zaria."

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ga débi pé mo rò pé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́. Mo tún un wọ̀n. Ó ní orí ń fọ́ òun láti ìjẹta, ojú òun sì ń ṣú. Oògùn rẹ̀ ti tán tipẹ́. Mo pe ọsibítù wa. Nítorí pé a ti di ara kan, kí á tó dé ibẹ̀ wọ́n ti rí orúkọ rẹ̀ àti oògùn rẹ̀, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Dókítà ní bó bá pẹ́ sí i díẹ̀, rọpárọsẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá Bólú padà sílé, ó ń bá gbogbo ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún un jà pé kò níyọ̀.

Ẹ̀rù yẹn ló mú mi sọ irọ́ mi di òtítọ́. Mo wá aládùúgbò fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ti Ìyá Bólú ni Màmá Jummai, obìnrin Hausa tó ń dín kósáí, àkàrà tiwọn, lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ojú àgbàrá kan. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó gbọ́ ohùn Màmá Jummai lórí ògiri: "Ìyá Bólú, kin sha magani?" Ṣé o ti lo oògùn ni. Ìyá Bólú á dáhùn pé òun ti lò ó: "Na sha! Ìwọ ńkọ́?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn kò nílò aago mọ́. Màmá Jummai dín iyọ̀ inú kósáí rẹ̀ kù, gbogbo àdúgbò kùn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Ẹ̀rín ni Alága bá lẹ́nu àwọn méjèèjì nígbà tó dé. Àwọn ilé ìwòsàn yòókù náà ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn. Kódà ní Tukur-Tukur, ara àwọn èèyàn ti ń le. Ẹ má ṣì mí gbọ́, inú mi ń dùn. Nígbà mìíràn mo máa ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà Bomo. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe ọgbọ́n náà, Ládì sì ṣì ń kọ káàdì.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Bólú, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Nígbà tí mo fẹ́ kú, o kọ ọ́ pé ara mi le?" Lẹ́yìn náà ó fà mí dìde. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹni tó sọ òtítọ́ tí wọ́n fìyà jẹ, òun ńkọ́?"

Mi ò ní lọ kọ́ ẹnikẹ́ni. Ládì ló yẹ kí wọ́n rán. Mo lè pàdánù iṣẹ́ mi, mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé kí wọ́n má lọ pa ètò aládùúgbò náà tì nítorí pé ẹnu òpùrọ́ ló ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún kù tí mo ní láti jẹ́wọ́. Ládì ò gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ pé ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún mi láti kọ ọ́ síbí. Ìwà ojo nìyẹn náà. Nítorí náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ ní Hausa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n mú un lọ bá a nílé kí n sì kúnlẹ̀, àbí kí n dìde kà á sókè nínú ìpàdé Ọjọ́bọ̀? Èyí tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe. Kí ẹ sáà má sọ pé kí n dákẹ́. Mo ti gbìyànjú ìyẹn wò.