Egungun tí Mo Gbé fún Ìyá Khoan

Dókítà ti ní kí n máa jẹ ohunkóhun tó bá wù mí. Ẹni tí dókítà bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún kò nílò aláfọ̀ṣẹ mọ́, ó ti mọ ibi tí ọ̀nà ń lọ. Nítorí náà, èmi Sanh, tí mo ti ń wẹ egungun òkú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún ní abúlé wa ní Thái Bình, fẹ́ sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ti rẹ̀ mí. Àìsàn yìí rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbé ọ̀rọ̀ náà kiri ló rẹ̀ mí jù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún, òótọ́ ò tíì lé e bá, ni mo bá ní kí n kúkú jókòó dè é.

A kì í sin òkú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dọ̀ tiwa. Bó bá ti pé ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀, àwa la máa hú u, a ó fi omi olóòórùn dídùn wẹ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tò ó sínú pósí amọ̀ kékeré láti orí dé ẹsẹ̀, a ó wá sin ín síbi tí yóò wà títí láé. Òkú tí wọn ò bá wẹ̀ kò tíì dé ilé. Nígbà tí ogun tí àwa ará Àríwá bá àwọn ará Gúúsù jà parí, àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú sọ́nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi, kí n bá àwọn wá egungun ọmọ àwọn lọ sí Gúúsù. Èmi náà jagun ọ̀hún, mo mọ àwọn òkè yẹn. Mọ́kànlá ni mo rí gbé wálé, wọ́n sì sọ mí ní Sanh Kì-í-délé-lọ́wọ́-òfo. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbéraga wà nínú ohun tí mo ṣe, kí n má lọ fi gbogbo ẹ̀ ti àánú.

Ilé kejì sí tèmi ni Ìyá Khoan ń gbé. Khoan, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, kú ní Quảng Trị lọ́dún 1972. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, pé ó kú lójú ogun ní Quảng Trị ní Gúúsù lọ́dún náà. Wọn ò sọ òkè wo, wọn ò sì sọ ọjọ́ wo. Obìnrin náà ò mọ ọjọ́ tí ì bá máa se oúnjẹ ìrántí fún ọmọ rẹ̀, ló bá ń se é ní ọjọ́ tí ọmọ náà jáde nílé. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Sanh, wọ́n ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù. Tèmi kú, ó tún nù. Èwo ni kí n gbá mú nínú ẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo bá a wá a lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbé ọmọ ẹlòmíràn dé láìrí Khoan. Nígbà keje, lọ́dún 1994, ó ní òun ń bá mi lọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà yẹn. Lài, ọmọbìnrin rẹ̀, tẹ̀lé wa kó lè máa tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ará abúlé kan ní Quảng Trị fi ibì kan hàn mí lórí òkè wọn, wọ́n ní wọ́n sin sójà kan síbẹ̀ lọ́dún náà, àwọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo dá lọ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò tíì walẹ̀ jìnnà tí ọkọ́ fi kan bàtà aláwọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀: sálúbàtà tí wọ́n fi táyà ọkọ̀ gé ni àwa sójà Àríwá wọ̀ jagun, àwọn sójà Gúúsù ló ń wọ bàtà aláwọ. Mo fọwọ́ tu erùpẹ̀ sí i, mo rí irin pẹlẹbẹ kan níbi ọrùn, wọ́n ya Màríà àti ọmọ rẹ̀ sí i lára. Ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n nílé Khoan. Kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ máa rò. Kì í ṣe ẹni tí à ń wá. Ọ̀kan lára àwọn tí èmi àti Khoan ń yìnbọn sí ni.

Mo da erùpẹ̀ bò ó, mo sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sọ fún wọn. Mo bá Ìyá Khoan lórí ẹní níbi tí a wọ̀ sí, kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Ṣé òun ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n mu omi ná. Lài fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Bùrọ̀dá Sanh, ojú yín ti sọ fún mi. Kì í ṣe òun." Mo ní kì í ṣe òun. Ó bú sẹ́kún, ó tún nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹ gbọ́, Màmá ò ní bá wa padà sílé láàyè. Wọ́n ti sọ fún mi pé orí òkè yẹn làwọn máa jókòó sí tí àwọn á fi kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé egungun fún wọn. Kódà kó jẹ́ egungun ajá." Mo ní, "Lài, ṣọ́ ẹnu ẹ." Ó ní, "Ṣíṣọ́ ọ ti sú mi! Ọdún méjìlélógún, Khoan lónìí, Khoan lọ́la. Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ni?" Mo rántí orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé, mo rò ó pé èyí á jẹ́ ìgbà keje tí màá padà láìrí Khoan, tí obìnrin náà á sì fojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ òfo mi. Ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́: orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò kí n tó ro ti obìnrin náà.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń bi òkú léèrè ẹni tó jẹ́. A ó gbé ọ̀kan nínú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń jẹun nàró sórí sàréè, a ó gbé ẹyin adìyẹ lé e lórí, a ó pe orúkọ ẹni tí à ń wá. Bí ẹyin bá jábọ́, kì í ṣe òun. Bó bá dúró, òun ni. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú un dúró. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ orí igi náà kó jinú díẹ̀, mo fi ìrẹsì tó ń lẹ̀ pa á, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí a dókè, Ìyá Khoan kúnlẹ̀. Ó ní, "Khoan, ìyá ẹ ti dé. Má bínú pé mo pẹ́." Mo gbé ẹyin lé e. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹyin ò mira. Obìnrin náà dojú bolẹ̀, ó ń fi iwájú orí gbá ilẹ̀, ó ń kígbe, "Ó dá mi lóhùn! Lài, ẹ̀gbọ́n ẹ dá mi lóhùn!" Lài ò wo ojú mi. Mo na tàpólì bo ibẹ̀ kí oòrùn má bàa kan egungun, mo hú u, mo fi ọtí ìrẹsì wẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ pupa wé e. Mo ti dá padà gòkè lọ ju bàtà àti irin náà sódò kí èmi àti wọn tó jọ lọ. Ìyá Khoan jẹ abọ́ ìrẹsì méjì lọ́jọ́ yẹn. Mò ń wò ó bó ṣe ń jẹun, mò ń sọ fún ara mi pé oore ni mo ṣe. Nígbà tí a délé, a sin ín sẹ́yìn oko ìrẹsì, a kọ orúkọ Khoan sórí òkúta rẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá mi ò ní kọ ìwé yìí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé mi, ohùn rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará Gúúsù. Ó ní Ngà lorúkọ òun, òun wọ ọkọ̀ ojú irin láti Nha Trang. Ó kó ẹja gbígbẹ wá fún mi, ó sì gbé báàgì òfo kan dání. Ó ní sójà Gúúsù ni Vịnh ọkọ òun, orí òkè kan ní Quảng Trị ló kú sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sin ín ló ya àwòrán ibẹ̀ fún òun. Nígbà tí òun débẹ̀, kòtò lásán lòun bá, àwọn ará abúlé ní ọkùnrin kan láti Thái Bình ló hú u lọ. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá bá yín jà o. Ẹ kàn sọ fún mi ni. Ṣé ẹ rí bàtà aláwọ? Ṣé ẹ rí irin Màríà lọ́rùn ẹ̀? Èmi ni mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn." Mo ní, "Sálúbàtà táyà ni mo rí, àbúrò. Ọmọ abúlé wa ni." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ohùn mi ò gbọ̀n. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin tiẹ̀ rí tiyín, mo bá yín yọ̀." Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ìyá Khoan gbọ́ pé mo ní àlejò, òun àti Lài wọlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé obìnrin náà wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lài ní, "Màmá, sójà Gúúsù lọkọ wọn o." Ìyá Khoan ní, "Ẹ wo ọmọ yìí! Ṣé àwọn ìyàwó Gúúsù kì í sunkún ni?" Ngà ní níwọ̀n bí ọmọ wa àti ọkọ òun ti jọ sùn sórí òkè kan náà, ṣé òun lè tan tùràrí fún un. Mi ò lè ní rárá. Èmi ni mo síwájú wọn lọ sí sàréè náà. Èmi yìí ni mo ṣáná sí tùràrí náà. Ngà kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó ní, "Bùrọ̀dá Khoan, ẹ bá mi wojú ọkọ mi níbẹ̀. Ó ga, ó máa ń tijú láti béèrè ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ní mi ò tíì fẹ́ ẹlòmíì." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí, ìgbésẹ̀ méjì péré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Ìyá Khoan di ìrẹsì fún un sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọkọ̀ lọ. Mo jẹ ẹja gbígbẹ rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo pààyàn lójú ogun, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tó burú jù láyé mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Khoan. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ó ti ní kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, kí òun lè sùn ti ọmọ òun. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè fara dà. Lài dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí mi pé kí n má sọ ọ́. Mo sọ ọ́, látorí bàtà dórí ẹyin, dórí Ngà. Mo ti múra sílẹ̀ de èpè. Ó ní, "Ta ló wá ń bọ́ tèmi?" Kò kọ́kọ́ yé mi. Ó ní, "Lóṣù keje, tí òṣùpá bá kún, tí gbogbo ayé ń gbé ògì ìrẹsì síta fún àwọn òkú tí ò nílé, ìkòkò tó tóbi jù ládùúgbò yìí ni mo fi máa ń sè é. Mo máa ń sọ pé bóyá Khoan wà nínú wọn, bóyá á rí lá. Látọjọ́ tó o ti gbé egungun yẹn wá, mi ò sè é mọ́. Mo ní tèmi ti délé, kí àwọn ìyá yòókù bójú tó tiwọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Sanh! Mò ń fi adìyẹ bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ mi dúró síta, ó ń wò mí." Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé ọmọ ni mo fún obìnrin náà. Oúnjẹ ẹnu ọmọ náà ni mo gbà.

Lài ní, "Ṣé ọkàn yín ti wá balẹ̀ báyìí? Ẹ ò bá gbé e lọ sọ́run." Mo ní, "Ìwọ lo ní kódà kó jẹ́ egungun ajá." Ìyá rẹ̀ yíjú wò ó, Lài gbé ojú sílẹ̀, ó ń sunkún. Mo bẹ Ìyá Khoan kó dárí jì mí. Ó ní, "Lọ bẹ obìnrin tó gbé báàgì òfo padà sílé ná. Tó bá dárí jì ẹ́, padà wá, a ó jọ sọ tèmi." Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ hú ọkùnrin náà títí àwọn èèyàn rẹ̀ á fi dé, nítorí a kì í ti àlejò síta torí pé wọ́n tan onílé jẹ. Lẹ́yìn náà ó ní kí Lài lọ gbé ìkòkò ńlá kaná, oṣù kẹta la ṣì wà.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ẹ ò bá rí òkú, ẹ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ngà, àbúrò mi, mi ò mọ̀ bóyá o ṣì wà láyé. Mò ń fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ní Nha Trang, mo ní kí wọ́n kà á síta lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ rẹ wà lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn oko ìrẹsì, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí òkúta rẹ̀. Egungun rẹ̀ pé, kò sí èyí tó sọnù, mo wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Jọ̀wọ́, wá mú un. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá lè, ṣáà wá. Ó ṣeé ṣe kí n ti lọ kí o tó dé. Béèrè Lài. Kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n á mú ọ débẹ̀.