Ìka Inúmidùn

Ẹ̀yin ará Ìyah-Gbede, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ kí obìnrin aláìṣẹ̀ máa ru ẹ̀ṣẹ̀ mi káàkiri ìlú. Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi Fẹ̀hìntọlá, tí ẹ ń pè ní Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ṣe é.

Dókítà Ọbalolúwa ló kó ìpara olówó pọ́ọ́kú kan wá sí ilé ìwòsàn wa nígbà náà. Ó fẹ́ dán an wò bóyá ó lè pa àwọn kókó líle kéékèèké tó ń hù sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Iṣẹ́ rere ni. Ó kìlọ̀ fún mi pé, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí ara rẹ̀ bá bó, ẹ dá ìpara náà dúró, kí ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.” Mo ní, “Ó yé mi, sà.” Irọ́ ni! Ohun tó yé mi kò ju pé bí iṣẹ́ náà bá yọrí sí rere, wọ́n á gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kabba.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Monica ìyàwó Lájídé fa Inúmidùn, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ, wọlé. Ìka ìfábẹ̀lá ọmọ náà pọ́n, awọ rẹ̀ ti ń ṣí. “Okun o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ò sùn. Ó ní ó ń ta òun bí iná.” Mo ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ máa fi kùn ún lọ.” Ó ní, “Ṣé ká dáwọ́ dúró ná?” Mo jágbe mọ́ ọn: “Ṣé ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì ni, àbí èmi?” Ẹ gbọ́ ẹnu tí mo fi sọ̀rọ̀ sí ìyá ọlọ́mọ! Ó tọrọ gáfárà, ó padà sílé, ó sì ń fi ìpara náà kun ìka ọmọ rẹ̀, nítorí pé ó gbà mí gbọ́. Èmi kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ìyọnu kankan.

Ìka náà kẹ̀. Nígbà tí Dókítà dé, tó rí egbò, ó bèèrè lójú gbogbo òbí tó kó ọmọ wá gba ìtọ́jú pé, “Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?” Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo nawọ́ sí Monica: “Omi bátìrì ló lọ bù sí i. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́.” Omi bátìrì! Níbo ni mo ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí Monica tó lanu sọ̀rọ̀, Lájídé gbá a létí níbẹ̀, mo dúró, mo ń wò.

Lájídé kú lọ́dún tó kọjá láìbá ìyàwó rẹ̀ rẹ́. Inúmidùn ò lè ká ìka yẹn kò títí dòní. Kò sì sí obìnrin àdúgbò tó jẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lé Monica lọ́wọ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó. Kò bú mi, kò sọkún. Ó ní, “Ṣé èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún lọ́jọ́ yẹn ni? Ẹ lọ bá gbogbo àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún.”

Mo ti wá. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú, bí ìyá bá ní oògùn ń jó ọmọ òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Monica.