Mo Ní Ó Ti Lọ sí Àbíjàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Èjìgbò níbí. Mo pa irọ́ kan lórí fóònù ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Kò gùn rárá. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà kan. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí èmi nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin ni. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, ni mo bá fún un ní orúkọ tèmi bí àwa ìyàwó ti máa ń ṣe. Adúmáadán ni mo ń pè é. Ó dúdú, ó sì ń dán lóòótọ́ nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní lo "wọ́n" fún un nínú ìwé yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ni mo ti ń lò ó. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì. Àwa obìnrin tí a wà níbẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tí mo jáde, mo kọ̀wé sí ọgbà ńlá kan lókè Ọya níbi tí ìjọba ti ń dáàbò bo àwọn ẹranko igbó, wọ́n sì gbà mí. Mo ti wà nílé ọkọ nígbà náà, mi ò tíì bímọ. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó ní tíṣà ni òun náà, kò síbi tí wọn ò ti nílò tíṣà, òun á bá mi lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ká kọ́kọ́ fi tó ilé létí.

Adúmáadán gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀wé. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún yí i padà, ó wá wo àwọn ará ilé lójú.

Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o. Ìyàwó wa fẹ́ lọ máa ṣọ́ erin."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, erin ọ̀hún, ṣé ó ní òun ò rẹ́ni ṣọ́ òun ni? Ọmọ la ní kó o wá bí fún wa. Bó o bá bí i tán, ìyẹn ni kó o máa ṣọ́."

Ọkọ mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Títí dòní, ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í. Adúmáadán ká lẹ́tà mi, ó tì í bọ àpò, mi ò sì rí i mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ilé ti ń pè mí ní Ìyá Elérin. Mo ya erin sára pátákó fún àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mi ò fojú mi rí ọ̀kan rí.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ èyí kí ẹ lè dá mi láre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Rúkáyàt ni àbígbẹ̀yìn Adúmáadán. Èmi kọ́ ni mo ní kó lọ ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Ó kàn wù ú ni. Nígbà tó ku ọdún kan kó jáde, wọ́n ní kó yan ohun kan tó máa ṣe ìwádìí lé lórí, ó sì yan igún. Àràárọ̀ ló ń lọ sí odò ẹran, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù, á dúró ti ògiri, á máa ka iye igún tó bà, á sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Mo tẹ̀ lé e lọ nígbà mélòó kan.

Àwọn alápatà á ní, "Ìyá Igún, ẹ káàárọ̀ o! Àwọn ọmọ yín ò tíì jí."

Òun náà á dá wọn lóhùn: "Ẹ ju ìfun díẹ̀ sí wọn, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe jí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbé bírò kúrò lórí ìwé. Mo wò ó, inú mi dùn, inú mi sì bà jẹ́. Èmi náà ti gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa èmi lẹ́nu mọ́. Kò ṣe òun ní nǹkan kan.

Nígbà tó parí, kò ríṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Mo sọ òótọ́ tí mo mọ̀ fún un. Mo ní iṣẹ́ ẹranko igbó kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kéde rẹ̀ bíi ti báńkì. Ohun tí o ti fojú ara rẹ rí ni wọ́n máa ń bi ọ́. Bí o ò bá tíì yọ̀ǹda ara rẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ níbì kan, kí oòrùn pa ọ́, kí ẹ̀fọn jẹ ọ́, wọn ò ní fún ọ níṣẹ́. Mo ní kó má fi ìwé kékeré rẹ̀ pamọ́, kó da díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ, kó fi sínú lẹ́tà tó bá fi ń wáṣẹ́.

Orí tábìlì mi la ti kọ àwọn lẹ́tà náà. Èmi ni mo ń tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, nígbà tí à ń kọ ọ́, mo fẹ́ kó rí i. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn bá wọn ka igún fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n á fún wọn níbùgbé àti oúnjẹ, wọ́n sì máa ń gba àwọn tó bá ṣe dáadáa síṣẹ́ lẹ́yìn náà. Fóònù Rúkáyàt ti bà jẹ́ nígbà náà. Nọ́ńbà tèmi ló kọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Adúmáadán wá kí mi. Ó jókòó, ó mu omi.

Ó ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ pé ò ń bá Rúkáyàt wá iṣẹ́ ẹyẹ. O ṣeun. Ayé ti là. Ọmọbìnrin ò gbọ́dọ̀ rò pé ibì kan wà tí òun ò lè dé."

Mo wò ó lójú bóyá ojú ń tì í. Ojú ò tì í. Ó ti gbàgbé pátápátá. Lẹ́tà mi, erin, ẹ̀rín wọn, kò rántí ọ̀kankan. Ká ní ó rántí ni, bóyá ǹ bá má ti ṣe ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Adúmáadán." Mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni fóònù dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó mọ̀wà hù.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Láti Ìbàdàn ni. Ṣé a lè bá Rúkáyàt sọ̀rọ̀? A fẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé."

Rúkáyàt wà lẹ́yìnkùlé mi. Ìró mi ló ń bá mi fọ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń da omi.

Mo ní, "Ó ti lọ sí Àbíjàn."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí lè má mọ ohun tí mo ṣe. Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni mo dárúkọ, ì bá bi mí pé nígbà wo ló lọ, ìgbà wo ló ń bọ̀, nọ́ńbà wo ló ń lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ará Èjìgbò bá ní ẹnìkan ti lọ sí Àbíjàn, ta ló tún máa béèrè ọ̀rọ̀? Ilé wo ni wọn ò ti lọ? Irọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí, tí kò sì nílò ẹlẹ́rìí, òun ni mo pa.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Èjìgbò! Ẹ ó kó ara yín lọ tán lọ́jọ́ kan. Ó dáa, mà. A máa pe ẹni tó tẹ̀ lé e."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó mọ ẹ̀rín tí mo rín. Ẹ̀rín ọkọ mi ni.

Rúkáyàt wọlé, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Tíṣà, ta ló pè?"

Mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. "Ìyá Tíṣà, wọn ò tíì pè?" Mo ní wọn ò pè. Oṣù kan kọjá, ó tún béèrè. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, ìyẹn sì burú ju ìbéèrè lọ. Mo lè tẹ nọ́ńbà náà padà lọ́jọ́kọ́jọ́. Ó wà nínú fóònù mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọyẹ́, bàbá rẹ̀ ní kó lọ bá àbúrò òun obìnrin ní Àbíjàn, kó máa bá a tajà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó mú ìwé igún rẹ̀ wá fún mi. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mà. Bí wọ́n bá pè, ẹ ní mo máa padà."

Mọ́tò gbé e lọ. Irọ́ mi wá di òótọ́. Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn fún ọdún méjìlá: mo ní ó ti lọ sí Àbíjàn, ó sì lọ sí Àbíjàn, kí ni mo wá ṣe?

Kò gbàgbé mi. Ó ń fi ọṣẹ àti bàtà ránṣẹ́ sí mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

"Bọ̀ńjúù, Ìyá Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo tún ti kọ̀wé."

Ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ń wá ẹni tó mọ igún, tó gbọ́ Faransé, tó sì lè bá àwọn alápatà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gidi ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ fún wọn nípa ìwé kékeré náà. Wọ́n ní kí ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà kọ lẹ́tà, kó sọ bóyá Rúkáyàt ló ni ìwé náà lóòótọ́, kó sì sọ ìdí tó fi pa iṣẹ́ náà tì láti ọdún méjìlá.

Rúkáyàt ní, "Ẹ kàn sọ fún wọn pé ìgbà náà ni wọn ò gbà mí. Òótọ́ kúkú ni."

Mo gbé ìwé náà jáde. Ní ojú ewé kan, ó kọ ọ́ pé: "Igún mọ́kànlá. Ọ̀kan ń tiro. Ìyá Tíṣà ní kí n kọ èyí tó ń tiro sílẹ̀ pẹ̀lú."

Lánàá, mo lọ sí odò ẹran. Mo dúró ti ògiri rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mi ò rí igún kankan. Alápatà àgbà kan dá mi mọ̀.

Ó ní, "Ìyá, ṣé igún lẹ̀yin náà ń wá? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Wọ́n ti bá ọmọ yín lọ sí Àbíjàn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

Adúmáadán ṣì wà láyé. Kò lè rìn mọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń fọ́. Bí mo bá lọ kí i, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Ìyàwó, ìwọ nìkan lo ṣe oore fún ọmọ mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ò tíì tọrọ tèmi. Ṣùgbọ́n Rúkáyàt ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì bí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà náà tí mo fà á ya. Bí mo bá kọ́kọ́ pe Rúkáyàt, mo mọ̀ ọ́n. Á sunkún, lẹ́yìn náà á ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ má kọ ọ́, ẹ má dójú ti ara yín." Àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ á sì rò títí láé pé kò tó iṣẹ́ náà nígbà kan. Bí mo bá sì fi ránṣẹ́ láìsọ fún un, ẹnu àwọn àjèjì ló ti máa gbọ́ ohun tí mo ṣe. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún ọmọ rí, ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Lẹ́tà kẹrin wà níwájú mi báyìí, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Lábẹ́ ìbéèrè tó kẹ́yìn, ohun tí mo kọ nìyí: "Rúkáyàt ò pa iṣẹ́ náà tì. Wọ́n pè é, ó wà nílé. Èmi ni mo ní ó ti lọ sí Àbíjàn."