Ó Ku Ẹyọ Kan Lẹ́yìn Páálí Fóònù

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó, ẹ fún ara yín láyè. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́. Ìdíátù, ìyàwó Àlhájì Àlíyù olóbì ní Ofin, Ṣàgámù, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí àwọn gbájúẹ̀ ti fi fóònù gbá àkáǹtì Sàrátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, mọ́ tónítóní, ni Ìdíátù ti ní kí wọ́n bá òun ṣe fóònù onítọ́ọ̀ṣì òun kó máa ká gbogbo ìpè sílẹ̀. Ohun tí ó ká sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nìyí. Ẹni tó pè é, "Ohùn" ni mo kọ síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ohùn lásán ni létí ìyá náà. Ibi tí orúkọ yẹn bá ti yí padà, ẹ̀yin náà ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

[Fóònù ń dún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.]

ÌDÍÁTÙ: Hẹlóò.

OHÙN: Màámi, ẹ káàsán, ẹ kú iṣẹ́ obì, ṣé ara le? Bàbá ńkọ́?

ÌDÍÁTÙ: Ta nìyẹn?

OHÙN: Èmi ni.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ̀yin ta ni?

OHÙN: Látééfù ni, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní time —

ÌDÍÁTÙ: Látééfù ní nọ́ńbà. Mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo mọ bó ṣe parí. Eléyìí kọ́.

OHÙN: Bátìrì mi ti kú. Fóònù ọmọbìnrin tó ń dá wa lóhùn níbí ni mo yá.

ÌDÍÁTÙ: Ibí wo?

OHÙN: Ilé-iṣẹ́ tó ni network fóònù tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Amẹ́ríkà níbí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌDÍÁTÙ: Mo gbọ́ Amẹ́ríkà. Ohùn yín wúwo.

OHÙN: Ọ̀fìnkìn ló mú mi.

ÌDÍÁTÙ: Ọ̀fìnkìn mú ẹni tó pe Sàrátù náà.

[Ariwo, bí ẹni ń fa aṣọ ya.]

OHÙN: — nítòsí? Fóònù yẹn, ṣé ó wà nítòsí yín?

ÌDÍÁTÙ: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

OHÙN: Ẹ ní ẹ fi SIM sí i, kò gbà á.

ÌDÍÁTÙ: Ta ni mo sọ fún?

OHÙN: Èmi náà ni. Ẹ ní ó ń kọ òyìnbó sójú, pé ó dà bí ẹni tó ń bínú.

ÌDÍÁTÙ: Gbogbo ọjà ló gbọ́ ìyẹn. Mo ro ẹjọ́ rẹ̀ títí dé gáréèjì.

OHÙN: Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Network tí mo ti rà á níbí ló tì í pa. SIM tiwọn nìkan ló mọ̀. Tí wọn ò bá ṣí i, kò sí SIM Nàìjíríà kankan tí yóò —

ÌDÍÁTÙ: Ẹ̀n-ẹ́n. A ti dé ibẹ̀.

OHÙN: Ibo?

ÌDÍÁTÙ: Ibi ṣíṣí. Tawfiq tó ń tún fóònù ṣe lọ́nà Interchange náà sọ bẹ́ẹ̀. "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, mo máa ṣí i, kí ẹ padà wá nírọ̀lẹ́." Mo ní kí o ṣí i, kí o kó ìfun rẹ̀ jáde, kí o wá di pákó sí i fún mi? Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ obì tí wọ́n bá ti tú nígbà tí mi ò sí ńbẹ̀, mi ò kì í gbà á mọ́. Ti òkè á máa dán, ti ìsàlẹ̀ á ti di ti kòkòrò.

OHÙN: [ẹ̀rín díẹ̀] Kì í ṣe irú ṣíṣí yẹn, Màámi. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan inú ẹ̀. Unlock ni. Bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Láti ibí ni wọ́n á ti ṣe é.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ ó dúró sí Amẹ́ríkà, ẹ ó ṣí ohun tó wà lórí tábìlì mi ní Ofin.

OHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni.

ÌDÍÁTÙ: Bí wọ́n ṣe ṣí àkáǹtì Sàrátù nìyẹn. Wọn ò dé ilé rẹ̀.

[Ariwo. Ohùn náà lọ, ó padà.]

OHÙN: — Màámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌDÍÁTÙ: Mò ń gbọ́ yín dáadáa, ọ̀gá.

OHÙN: Ẹ má pè mí lọ́gàá. Kí ló dé tí ẹ̀ ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀?

ÌDÍÁTÙ: Ẹni tí mi ò mọ̀, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ tí mo bí mọ bí mo ṣe ń pè é.

OHÙN: Ó dùn mí o.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́.

OHÙN: Ẹ jẹ́ ká ṣe kíá. Nọ́ńbà kan ni wọ́n ní kí n mú wá, IMEI. Ẹ tan fóònù yẹn, ẹ tẹ star, hash —

ÌDÍÁTÙ: Ẹ dúró ńbẹ̀.

OHÙN: Màámi —

ÌDÍÁTÙ: Star náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ẹ tẹ star." Sàrátù tẹ star, ó tẹ gbogbo ohun tó kù, ó tún ń ṣàdúrà fún wọn. Lèmọ́mù kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri báńkì: ẹ má ṣe ka nọ́ńbà yín fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò sọ pé àfi ọmọ yín.

OHÙN: Nọ́ńbà báńkì nìyẹn. Eléyìí, orúkọ fóònù ni. Ẹ wò ó bí orúkọ tí ẹ máa ń kọ sára àpò obì kó tó wọkọ̀ lọ sí Kánò. Ta ló lè fi orúkọ ara àpò jí obì inú ẹ̀?

ÌDÍÁTÙ: Ẹnì kan fi jí ti Àlhájì. Ó ka orúkọ ara àpò fún ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ rò pé òun ló ni ín, ó gbé e lé e lórí, ó tún ṣàdúrà fún un.

OHÙN: Àpò tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ.

ÌDÍÁTÙ: Ta ló sọ ti ọ̀dà pupa fún yín?

OHÙN: Èmi ni mo kọ ọ́, Màámi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ sì bá mi wí pé ẹni tó wà lókèèrè á máa kà á.

[Ìró obì tó ń bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, lẹ́yọ lẹ́yọ.]

ÌDÍÁTÙ: Ọlọ́kọ̀ náà mọ ìyẹn. Gbogbo gáréèjì ló mọ̀ ọ́n.

OHÙN: Ha, Màámi.

ÌDÍÁTÙ: Kí ló dé tó fi jẹ́ òní? Àwọn yẹn náà, òní ni wọ́n máa ń fẹ́.

OHÙN: Torí ọ̀la ni mò ń kó lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Kò sí ẹ̀ka wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n á ní kí n máa bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kò gbọ́ orúkọ mi.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ̀yin ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èmi ń bá ohùn sọ̀rọ̀.

OHÙN: Ẹ gbé fóònù sétí Bàbá. Kí n kí wọn.

ÌDÍÁTÙ: Tí ẹ bá jẹ́ Látééfù, ẹ ó ti mọ̀ pé wọn ò lè dáhùn.

OHÙN: Mo mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra fóònù náà. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti mú wọn lẹ́nu, tí mo bá pè, mò ń sọ̀rọ̀, mò ń sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń sunkún, bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bóyá ẹ tiẹ̀ ti gbé fóònù kúrò létí wọn. Mo fẹ́ rí ojú wọn. Kí wọ́n rí tèmi. Wọ́n lè mi orí. Video call nìkan ló —

[Ariwo gígùn.]

ÌDÍÁTÙ: Ṣé ẹ wà ńbẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OHÙN: Mo wà ńbẹ̀. Ẹ fi sí speaker, ẹ jọ̀ọ́.

[Ìró bọ́tìnì. Ohùn náà ròkè.]

ÌDÍÁTÙ: Mo ti fi sí i. Kí Àlhájì jẹ́rìí. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè, ẹ má dáhùn kí n tó parí.

OHÙN: Ẹ béèrè.

ÌDÍÁTÙ: Yésúfù àbúrò yín, ṣé ó ti —

OHÙN: Mi ò ní àbúrò tó ń jẹ́ Yésúfù.

ÌDÍÁTÙ: Mo ní kí ẹ má dáhùn kí n tó parí.

OHÙN: Kàúsárà nìkan ni àbúrò mi. Fóònù ẹ̀ la fi ń rí ara wa kó tó lọ sílé ọkọ ní Òde Rẹ́mọ.

ÌDÍÁTÙ: Gbogbo ìyẹn wà lórí Facebook.

OHÙN: Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?

ÌDÍÁTÙ: Kàúsárà. Ọbẹ̀ kì í hó nílé ọkọ rẹ̀ kó má kọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́. Tí Àlhájì bá ka obì tán fún oníbàárà, kí ni wọ́n máa ń sọ?

OHÙN: Bàbá? Wọn kì —

[Ariwo.]

OHÙN: — sọ nǹkan kan.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ ní wọ́n ń sọ nǹkan kan. Kí ni nǹkan náà?

OHÙN: Rárá. Mo ní wọn kì —

[Ariwo.]

OHÙN: — ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌDÍÁTÙ: Mo gbọ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

[Ìró páálí tó ń yọ̀ lórí tábìlì.]

ÌDÍÁTÙ: Àlhájì, ẹ fi páálí yẹn sílẹ̀. Kí lẹ̀ ń wá lẹ́yìn rẹ̀?

OHÙN: Páálí fóònù náà? Ẹ̀yìn ẹ̀ ni nọ́ńbà wà, Màámi. Lábẹ́ àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́. Ẹ ò ní tẹ star kankan.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ jẹ́ n rí i, Àlhájì. Hùn. Ó gùn bí ọ̀nà Likosi.

OHÙN: Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ kà á fún mi.

ÌDÍÁTÙ: Ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ṣe. Ọkàn mi ń lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ bá a lọ. Mẹ́rìnlá ni mo máa kà. Ẹyọ tó kẹ́yìn, èènì ni. Èènì, ẹni tó bá wù mí ni mò ń fún.

OHÙN: Tí kò bá pé, kò wúlò fún wọn.

ÌDÍÁTÙ: Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ta. Àrún. Ẹ̀jọ. Èjì.

OHÙN: [ẹ̀rín] Ẹ̀ ń ka obì.

ÌDÍÁTÙ: Bí a ṣe ń kà nìyẹn. Òdo. Ẹ̀rin. Ẹ̀sán.

[Ariwo.]

OHÙN: Lẹ́yìn ẹ̀sán? One second, please. She's reading it.

ÌDÍÁTÙ: Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?

OHÙN: Ọmọbìnrin tó ni fóònù. Wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn.

ÌDÍÁTÙ: Wọ́n tún ti di méjì.

OHÙN: Màámi.

ÌDÍÁTÙ: Ení. Ẹ̀fà. Ẹ̀ta. Àrún. Òdo. Èje. Èjì. Ó parí. Mo ti fọwọ́ bo èyí tó kù.

OHÙN: Ẹ ṣí ọwọ́ kúrò.

ÌDÍÁTÙ: Ṣíṣí yín yìí ti pọ̀ jù.

OHÙN: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bàbá kì í la ẹnu tí wọ́n bá ń ka obì. Wọn kì í sọ nǹkan kan rárá. Ìka ni wọ́n fi ń kà á lára apẹ̀rẹ̀, kó, kó, kó, kí oníbàárà má baà dà wọ́n rú. Wọ́n á wá kan ti èènì lọ́tọ̀, wọ́n á sì —

[Ariwo.]

ÌDÍÁTÙ: Mi ò gbọ́. Ẹ ní ìka kí ni?

[Páálí tún yọ̀.]

ÌDÍÁTÙ: Àlhájì, ẹ má gbé ọwọ́ mi kúrò. Ọwọ́ òsì yín yìí náà lágbára báyìí? Ẹ ò mọ ẹni tó ń —

[Ìka kan lórí páálí. Kó. Kó. Kó. Kó. Kó. Kó. Kó.]

LÁTÉÉFÙ: Èje.

[Ẹnì kan mí kanlẹ̀.]

LÁTÉÉFÙ: Seven, ma. The last one is seven. Bàbá, mo gbọ́ yín. Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gbọ́ yín.

ÌDÍÁTÙ: Látééfù.

[Ariwo.]

ÌDÍÁTÙ: Látééfù, ọ̀fìnkìn yẹn, ṣé o ti lo nǹkan sí i? Ṣé o gbọ́ mi?

[Ariwo.]

ÌDÍÁTÙ: Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ —

[Ìpè já.]

Ibi tí fóònù ká a dé nìyẹn. Ìdíátù fúnra rẹ̀ ló gbé e fún Fadékẹ́, aránṣọ tó wà níwájú ilé wọn, pé kó wá gbọ́ bí òun ṣe ń fi "ẹ" bá ọmọ bíbí inú òun sọ̀rọ̀. Fadékẹ́ ló jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ níjọ́ tó ń wọn ẹ̀wù mi. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, tí òun bá dá ẹ̀rọ òun dúró, òun máa ń gbọ́ ìka lórí tábìlì láti yàrá Àlhájì, àti ẹ̀rín ọkùnrin kan nínú fóònù, tí kò sí nínú ilé náà.